Ọkọ̀ Arère Tí Kò Gbọdọ̀ Rì

Nígbà tí mo ṣì kéré, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, Omifunfun ni à ń gbé, òórùn igi tútù ló sì kún imú gbogbo wa. Ọkọ̀ agbégẹdú a máa kọjá lọ sí Orè, àwa ọmọdé a sì sáré tẹ̀lé e ká lè ṣa èèpo igi tó bá já bọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lágbègbè Òdìgbò, ẹ óò rántí. Àwọn yòókù ń fi èèpo yẹn sun àgbàdo. Èmi ń wá èyí tí n ó fi ṣe ọkọ̀ ojú omi.

Ọjọ́ tí Bàámi mú mi lọ gba ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn fún wa ní Orè ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ẹbùn, káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn náà, ọmọ Ìlàjẹ ni. Ó gbé ọkọ̀ onígi kékeré kan sórí pẹpẹ. Kò gùn ju apá mi lọ, síbẹ̀ ó ní ìgbòkun, ó ní ìtọ́kọ̀, àwọn èèyàn kéékèèké tilẹ̀ jókòó sínú rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn títí Bàámi fi di ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù tán. Bàbá Ẹbùn rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní ègé igi arère kan. Ó ní, "Igi yìí fúyẹ́, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Bó bá dojú rú, padà wá bi mí. Abèèrè kì í ṣìnà."

Ọ̀bẹ kékeré tí Bàámi fi ń la kòkó ni mo yá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́ dojú dé lójú ẹsẹ̀ tí mo gbé e sómi. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi ṣubú sódò. Nígbà tí Bàámi tún ń lọ sí Orè, mo gbé ọkọ̀ mi dání. Bàbá Ẹbùn yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti nípọn jù. Ó ní kí n la igi ní pẹlẹbẹ, kí n sè é nínú omi títí yóò fi rọ̀, nígbà náà ni yóò gbà kí n tẹ̀ ẹ́.

Kí n sè é! Inú mi dùn dé gongo. Ìkòkò wo ló wà nílé tó gba pákó? Ìkòkò ọbẹ̀ Màámi ni. Pákó tẹ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ ọbẹ̀ ilá ọjọ́ kejì ń rùn bí ilé ìlagi. Àbúrò Bàámi tó wá kí wa jẹ òkèlè kan, ó rọra béèrè bóyá àgbo ni. Màámi ní kí n kúnlẹ̀, kí n fi eérú àti iyanrìn ha ìkòkò náà títí n ó fi rí ojú mi nínú rẹ̀. Bàámi ò nà mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ dùn mí ju pàṣán lọ: "Ọjọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ óò fi ọkọ̀ díje lódò. Bí tìẹ bá tún rì, o ó dá ọ̀bẹ mi padà, kò sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́ nílé yìí."

Mo kan àwọn pákó náà pọ̀ di ọkọ̀, mo fi ewé ìpín ha ara rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo tọrọ àkísà gèlè lọ́wọ́ Màámi fi ṣe ìgbòkun. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gbé ọkọ̀ mi sẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa, mo wọlé lọ gbàdúrà. Kí n tó jáde, ewúrẹ́ kan ti tẹ̀ ẹ́. Pákó kan ti là gbooro.

Igbe ni mo fi bọnu. Ṣọlá, ọmọ Ago Alaye, ojúgbà mi tí ọkọ̀ rẹ̀ kò rì rí, sáré dé. "Ta ló kú?"

"Ọkọ̀ mi ni."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Kò tíì kú. Dìde."

Ó fà mí lọ sí oko rọ́bà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a bu oje díẹ̀, a fi dí ojú ibi tó là. Lẹ́yìn náà ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n sínú ọkọ̀ mi. "Ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo ju òkè lọ. Bí kò ṣe wúwo nísàlẹ̀ ló ń mú tìẹ dojú dé."

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ń kọ́ mi?"

Ó ní, "Bí mo bá dá nìkan díje, ta ni n ó borí?"

A dé odò, wọ́n fọn fèrè. Ọkọ̀ mi kọ́kọ́ fì sápá kan, àfi bó ṣe dìde fúnra rẹ̀! Afẹ́fẹ́ kó sínú gèlè Màámi, ó ń lọ, ó ń lọ! Bí mo ṣe wẹ̀yìn, Bàámi ni mo rí tí wọ́n ń sáré létí odò láìwọ bàtà, wọ́n ká sùtánà funfun wọn sókè dé orúnkún, wọ́n ń pariwo, "Má rì o! Má rì!" Ọkọ̀ Ṣọlá ló kọ́kọ́ dé ìdí afárá tí ìdíje parí sí, tèmi ṣe ìkejì. Bàámi wọ odò tòun ti sùtánà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọkọ̀ náà jáde. "Ọ̀bẹ yẹn," ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ó ti di tìẹ."

Lónìí, aránṣọ ni mí ní Orè, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló sì wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù mi. Sáńpépà ni mò ń lò báyìí, gọ́ọ̀mù òde òní sì ń gbẹ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Láyé ìgbà yẹn, kí n tó rí ìmọ̀ràn kan gbà, àfi kí n dúró de ọjọ́ tí Bàámi ń lọ sígboro. Nísinsìnyí, àwa tí a ń kan ọkọ̀ onígi ní ẹgbẹ́ lórí fóònù, bí ẹnì kan bá béèrè nǹkan níbẹ̀, kí omi tó hó, èèyàn mẹ́wàá ti dáhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin tíṣà kan láti Araromi-Obu fi fọ́tò ọkọ̀ tó ń kàn ránṣẹ́ síbẹ̀. Òpó ìgbòkun rẹ̀ ti wó lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ dáná. Gbogbo wa da ìmọ̀ràn bò ó. Ẹnì kan ní kó lo ọparun. Èmi fi ohùn ránṣẹ́: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná o! Ẹ ri òpó náà wọnú ọkọ̀ títí yóò fi kan ìdí rẹ̀." Lánàá ni fídíò wọlé: ọkọ̀ náà ń sáré lórí omi, òpó rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo fò sókè, téèpù ìwọnṣọ já bọ́ lọ́rùn mi.

Oníbàárà tí mo ń wọ̀n lọ́wọ́ ní, "Màdáàmù, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ wá wò ó! Ọkọ̀ wa ti ń lọ!"