Wọ́n Bọ̀wọ̀ fún Mi, Ilẹ̀kùn Kò sì Tì

Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe, ẹjọ́ tí mo ní bá wọn nìyẹn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ wá bá mi dá a.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún màmá mi. Dókítà ní wọ́kà ni Màmá á fi máa rìn fún oṣù mélòó kan, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí èèyàn ń gbé síwájú kó tó gbé ẹsẹ̀. Ilé ìwẹ̀ wa ní Sùúrùlérè kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ni mo bá ní kí n tún un ṣe kí Màmá tó ti ọsibítù dé.

Ọ̀rẹ́ mi kan júwe àwọn kan fún mi ní Pápá Àjàó, ní Mushin. Bàbá àtàwọn ọmọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà: Alhaji ni káfíńtà, àwọn ọmọkùnrin wọn ń tẹ́ táìlì, Sìkírátù àbígbẹ̀yìn ló ń gba oníbàárà lálejò. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: A KÌ Í BÁ ONÍBÀÁRÀ JIYÀN. Inú mi dùn. Káfíńtà tí mo lò tẹ́lẹ̀, tí mo bá ní ọ̀tún, òun á ní òsì.

Mo ti ya àwòrán dání. Lórí pépà gíráàfù! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi tépù wọn wọ́kà yẹn, mo wọn ẹnu ọ̀nà, mo wọn ibi tí irin ìdìmú máa wà lára ògiri. Kì í ṣe pé mo kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́ o. Sosiọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní rúlà lọ́wọ́, kí ló kù tí kò mọ̀?

Sìkírátù wo àwòrán náà títí, ó gbójú sókè. "Àǹtí, ilẹ̀kùn tí ẹ ní kó ṣí sínú yìí..."

Mo bi í pé nínú èmi àtòun, ta ló lọ sí yunifásítì.

Bàbá rẹ̀ wúkọ́. Ọmọ gbé àwòrán náà sílẹ̀. Alhaji ní, "Madam, bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ la máa ṣe é." Mo fẹ́ràn bàbá yẹn lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ dára, mi ò ní parọ́. Táìlì ò yọ̀, irin ìdìmú ò mì, wọ́n tiẹ̀ bá mi gbálẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Màmá dé. Wọ́kà wọlé, Màmá tẹ̀ lé e. Mo ní kí n ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn gbá wọ́kà. Màmá sún síwájú, tọ́lẹ́ẹ̀tì dá wọn dúró. Nínú gbogbo ìṣirò mi, mi ò fi àyè sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn tó máa padà wá tì.

"Ta ló ya èyí?" Ọ̀gá ilé-ìwé ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìntì.

Mo ní, "Àwọn ará Mushin kan ni."

"Mi ò bèèrè ẹni tó kọ́ ọ, Fọláṣadé."

Màmá tí kì í jẹ́ kí àwa ọmọ rí òun láìró aṣọ, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wẹ̀ ní ilẹ̀kùn ṣíṣí, tí èmi na aṣọ bẹ́ẹ̀dì sójú ọ̀nà bí igi ìsáṣọ, ọkọ mi sì wà ní pálọ̀ tó ń dọ́gbọ́n wúkọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá ò wẹ̀. Wọ́n ní kí n dá àwọn padà sí ọsibítù, pé níbẹ̀, kọ́tìnì wà.

Mo kọ lẹ́tà, ojú ewé méjì, ẹ̀sùn méje, mo sì fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e lọ sí Pápá Àjàó. Alhaji kà á tán, wọ́n bẹ̀ mí dáadáa. Wọ́n wá fa dúrọ́ọ̀, wọ́n mú hínjì tuntun mẹ́ta jáde. Wọ́n ní férémù tí àwọn kàn fún mi, tinú tìta ló ṣe é ṣí sí, táìlì kankan ò ní fọ́.

Mo ní, "Ìgbà wo lẹ ra hínjì yìí?"

Alhaji wo Sìkírátù. Sìkírátù wolẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ mú àwòrán wá ni, Àǹtí. A mọ̀ pé ẹ máa padà wá."

Wọ́n tẹ̀ lé mi délé, kó tó tó wákàtí kan, wọ́n ti yí ilẹ̀kùn náà síta. Màmá wọlé, wọ́n tì í fúnra wọn, mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dún, mo gbọ́ omi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá pa ẹlòmíì lẹ́nu mọ́ kò lè sọ pé wọn ò kìlọ̀ fún òun. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní tí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Hùrùhẹ̀rẹ̀ tèmi, Sùúrùlérè nìkan ló ti dún. Wọ́n sùn dáadáa ní Pápá Àjàó.

Ta ni àwọn oníwàpẹ̀lẹ́ ti ṣe báyìí rí? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀ níbí, kó má baà jẹ́ èmi nìkan.

Alhaji, ẹ̀yin ló kàn. Mo kọ ọ́ sórí àwòrán yẹn pé ìyá àgbàlagbà ló máa lo ilé ìwẹ̀ náà. Nínú èmi tí mo ń pariwo àti Màmá tó fẹ́ wẹ̀, ta ni oníbàárà yín? Ta ló sọ nínú yín pé kí ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fojú rí i? Mo fẹ́ ìdáhùn, mo sì fẹ́ ẹ ní kíkọ. Màmá ní tí mo bá ń bọ̀ wá gbà á, Sìkírátù ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀. Ẹ kọ tiyín ná.