Shabtai Alkalai àti Ìgò Kejì

Ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ rí Shabtai Alkalai, bẹ́ẹ̀ a kò pè é. Ọ̀sán ọjọ́ tí Ìrékọjá máa wọlé ni. Ìyàwó mi, Tsipora, ti ra wáìnì pupa kan tó lágbára ní ṣọ́ọ̀bù wáìnì Shabtai ní òpópónà Agripas láàárọ̀, ó sì ti tẹ́ tábìlì. Lójijì ni ọkùnrin kúkurú kan sáré gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin lọ́dọ̀ wa. Ó gbé ìgò wáìnì funfun mọ́ àyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyàwó wa, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹja onísúgà lo sè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ta ló sọ fún yín?"

"Aládùúgbò rẹ ni. Ẹran nìkan lo dárúkọ fún mi láàárọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sáré wá. Gbé ìgò pupa yẹn fún mi kíá. Ó máa pa ẹja rẹ."

"Ẹja náà ti kú, sà."

"Ó ti kú lẹ́ẹ̀kan. Má jẹ̀ẹ́ kó kú lẹ́ẹ̀kejì."

Ó pààrọ̀ ìgò náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a jẹun, a rí i pé òótọ́ ló sọ. Ó dùn mọ́ wa lẹ́nu gan-an.

Kò sí ẹni tó ń ra wáìnì lọ́wọ́ Shabtai láìsọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Nígbà kan, ní àsìkò Àjọ̀dún Ọ̀sẹ̀, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ látinú mọ́tò ńlá, ó na ìka sí ìgò tó wà lókè pátápátá.

"Kí lẹ fẹ́ fi jẹ?" ni Shabtai bi í.

"Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Kò kàn mí. Wáìnì náà ló ní kí n bi yín."

Ọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé wàràkàṣì ni. Wáìnì funfun ló gbé lọ.

Wáìnì tí wọ́n ti gbé kaná ni Shabtai kò lè fara dà. Òfin wa ní tí wọ́n bá ti sè é, ẹni yòówù tó bá bù ú, kódà kí ó má jẹ́ Júù, kò bà á jẹ́ fún wa. Ìyẹn ni wọ́n fi ń rà á fún ìgbéyàwó, níbi tí onírúurú èèyàn ti ń bu wáìnì. Shabtai ń tà á, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgbálẹ̀ ló ń kó o sí. "Ọbẹ̀ nìyẹn," ló máa ń wí. "Ẹ má gbàgbé ṣíbí."

Ẹnu yìí náà ló ba àárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́. Nissim, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a máa fi èso àjàrà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ṣe wáìnì fúnra rẹ̀, nínú bàfù. Ní Ìrékọjá kan, lójú gbogbo àna Nissim, Shabtai tọ́ ọ wò, ó sì gbé ife kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Kùkúmbà tí a máa rì sínú ẹ̀ dà?"

Lọ́dọ̀ wa, inú ọtí kíkan ni a máa ń rẹ kùkúmbà sí. Nissim dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọdún mẹ́fà ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kẹfà yẹn ni Vida, ìyàwó Shabtai, kú. Wọn kò bímọ. Nígbà tí Ọdún Tuntun dé, òun nìkan ló jókòó sídìí ẹ̀wà àti ẹja.

Lọ́dọ̀ wa, tí a bá ṣí ìgò wáìnì kejì nídìí oúnjẹ, ìbùkún kan wà tí a máa ń fi yin Ọlọ́run tó dára, tó sì ń ṣe rere. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá jẹun kò lè sọ ọ́. A kì í sì í sọ ọ́ tí a bá mọ̀ pé ìgò kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun àti Vida kò fo ìbùkún yìí rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Shabtai wo ìgò méjèèjì tó wà níwájú rẹ̀, ó wo àga òdìkejì. Ó gbé èyí tó dára jù, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé Nissim.

Nissim fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó kù fún mi.

"Kí lo wá ṣe?" ni Nissim bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sè?"

"Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà! Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ nìyẹn?"

"Ilé ti dá jù, ẹ̀gbọ́n mi."

Nissim yà kúrò lọ́nà fún un.

Wọ́n ṣí wáìnì Shabtai, wọ́n mu ún, wọ́n jẹ ẹ̀wà. Nígbà tó yá, Shabtai ní, "Ẹ̀gbọ́n, tiyín dà?"

Ìyàwó Nissim gbé ṣíbí dúró lófuurufú.

"Shabtai," ni Nissim wí, "tó o bá dárúkọ kùkúmbà nínú ilé yìí lónìí…"

"Ẹ sáà gbé e wá."

Nissim gbé e wá. Shabtai bù ú kún ife, ó dìde dúró, ó sì fi ohùn rara sọ ìbùkún ìgò kejì lé e lórí, ó sọ ọ́ tán pátápátá. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀ ife, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì náà ló mọ òfin, wọ́n sì mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa wáìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nissim ní aṣọ tábìlì lòun fi nu ojú.

Mo bi Shabtai lẹ́yìn náà bóyá wáìnì inú bàfù yẹn tó tirẹ̀ lóòótọ́.

"Tísà," ó ní, "òfin wa kò gba ẹ̀rí àbúrò lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ lọ bi ẹlòmíràn."

Láti ìgbà náà, kò tún dá jẹun lọ́jọ́ ọdún mọ́. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló kú, nígbà òtútù, ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó wà ní itẹ́ òkú Giv'at Shaul báyìí, lápá ọ̀tún Vida. Nissim ti san owó àyè tó tẹ̀ lé tirẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀.