Ọwọ́ Tó Dúró Lórí Wáyà

Tá a bá dijú gbàdúrà, ta ló ń bá wa ṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa? Mo gbàgbọ́, síbẹ̀ mo ṣì ń bi ara mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń tún rédíò ṣe, ń fi fóòmù ṣe bàálù kékeré tó fẹ́ fi díje. Wáyà gìtá tí bátìrì ń mú gbóná ló fi ń gé apá bàálù náà, àwa méjèèjì la sì jọ ń fà á gba inú fóòmù, òun di ẹ̀gbẹ́ kan mú, èmi di ìkejì mú. Lánàá, wáyà náà wọ fóòmù wẹ́rẹ́, inú mi dùn débi pé mo dijú dúpẹ́. Ọwọ́ mi dúró, wáyà sì jó ihò sí apá náà.

Ọ̀la ni ìdíje, fóòmù kan péré ló kù.

"Wòlíì," ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín, "bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, kó o lajú. Tá a bá gé e tán, màá bá ẹ ṣe àmín."