Máàkì tí Bọ̀dá Fún Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára adìyẹ tí wọ́n dé mọ́ abẹ́ agbọ̀n, kó lọ gbé ní Houston láì ní mọ́tò. Ojú rẹ̀ á máa rí ìta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní lè débẹ̀. Fríwéè, títì ńlá táwọn mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀, ń hó lẹ́yìn fèrèsé wa bí omi orí iná, gbogbo ayé ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ, èmi sì jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mò ń kàwé nípa bí èèyàn ṣe ń darí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, èmi tí n kò rí ẹyọ ẹnì kan darí, títí kan ara mi.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí àwọn ilé gogoro àárín ìlú ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. Business Administration ni mò ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan, níbi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó kọjá sí yunifásítì. Ọdún méjì ni wọ́n ní ká lò níbẹ̀. Èmi ti wà nínú ìkẹta.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá ni mò ń gbé. Ìyá kan náà kọ́ ló bí wa o. Ìlú kan náà la ti wá, ó sì fi ọdún méjìdínlógún jù mí lọ. Hẹ́dímásítà ni nílé. Ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, ó ní òun ń lọ gba dìgírì bọ̀. Ní Houston, gáàdì ló ń ṣe lóru, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe lọ́sàn-án. Tó bá wá di inú kíláàsì, oorun ló ń sùn. Ó ti pẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn débi pé àwọn tíṣà tuntun máa ń bi í pé níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ó ní mọ́tò kan, aláwọ̀ ilẹ̀, tó gùn bí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú. Ilé rẹ̀ ni mò ń sùn, mọ́tò rẹ̀ ni mò ń wọ̀, kíláàsì kan náà la jọ wà, àgbà mi sì ni. Ẹ ti wá rí i pé wọ́n tún gbé òkúta lé agbọ̀n náà lórí.

Ohun tó wà lọ́rùn mi nìyí. Mo ti gba D kan nínú ìṣirò. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì pè mí, wọ́n ní bí mo bá tún gba ẹyọ kan péré, àwọn ò ní buwọ́ lu ìwé tó fún mi láyè láti wà nílùú wọn mọ́. Ìyẹn ni pé kò sí yunifásítì, kò sí Houston. Ilé yá, lọ́wọ́ òfo.

Kọ́ọ̀sì tó ṣẹ́ kù tó lè pa mí ni Management. Obìnrin òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń kọ́ wa, ẹni tó máa ń fi ṣéènì so jígí ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ní ká pín ara wa ní mẹ́ta mẹ́ta, ká wá ilé iṣẹ́ kékeré kan, ká wádìí bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì wá rò ó níwájú kíláàsì. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Bọ̀dá ti jí lójú oorun, ó ti gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Èmi àti àbúrò mi," ó ní.

Ẹnìkẹta wa jẹ́ ọmọbìnrin kan láti Baytown. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá, ọmọ sì fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó wá ku èmi àti Bọ̀dá. Ìyẹn ni pé ó ku èmi.

Ilé ìfọṣọ kan lọ́nà Richmond la mú, ibi táwọn èèyàn ti ń kó aṣọ wọn sínú ẹ̀rọ fúnra wọn. Sátidé mẹ́rin ni mo fi lọ. Bọ̀dá ń sinmi iṣẹ́ òru, n kò sì lè ní kó dìde. Bọ́ọ̀sì méjì ni mò ń wọ̀, màá wá fẹsẹ̀ rin ìyókù létí títì nínú oòrùn, táwọn awakọ̀ ń wò mí bí ẹni tó sá kúrò lẹ́wọ̀n. Mo bi ìyá arúgbó tó ni ibẹ̀ ní ìbéèrè títí ó fi fún mi láṣọ ká. Mo padà wá sí ilé ìkàwé, mo fi ìka méjì tẹ ojú ìwé méjìlélógún lórí tápúràítà.

Bọ̀dá kà á. "Ó dáa," ó ní. "Àmọ́ kò ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ṣé o ò rí i pé ńṣe ló já wọlé láì kí èèyàn?"

Ó jókòó, ó kọ ojú ìwé kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba ìlú wa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo tíṣà tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí. Obìnrin yẹn fi bírò pupa fa ìlà sí i látòkè délẹ̀.

Lọ́jọ́ tá a máa rò ó, mo bi í pé ta ló máa sọ̀rọ̀.

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé àgbà ò sí nílé ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, Bọ̀dá sọ̀rọ̀! Ó wọ súùtù, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó bá àwọn ọmọ òyìnbó yẹn wí bí ẹni pé orí ìlà ni wọ́n wà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Kò mọ iye ẹ̀rọ tó wà nílé ìfọṣọ náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣí páálí àwòrán. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa. Kí kálukú fún ara rẹ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀ ní máàkì, láti oókan dé márùn-ún: ta ló ṣèwádìí, ta ló kọ ọ́, ta ló sọ̀rọ̀, ta ló mú àbá wá. Ibẹ̀ ni mo ti kó síṣòro. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ṣé òun ló máa gbé pẹ́ńsùlù kó fún àgbà ní oókan, kó wá fún ara rẹ̀ ní márùn-ún? Mo fún Bọ̀dá ní márùn-ún láti òkè délẹ̀. Mo fún ara mi ní méjì méjì. Nísàlẹ̀, mo kọ ọ́ pé, "Èmi ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é." Nílé wa, ẹni tó bá ní òun ò ṣe nǹkan kan ni gbogbo èèyàn máa yíjú sí pé òun ló ṣe é.

Obìnrin yìí kò gbé nílé wa rí. Ó fún Bọ̀dá ní B, ó fún mi ní D.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé o ò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Ẹnìkejì rẹ náà fún ọ ní méjì. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Mà, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe wá rí? Ta ló kọ ọ́?"

"Àwa méjèèjì ni, mà."

"Ta ló lọ sílé ìfọṣọ?"

"Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n òun ló rán mi."

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó dì ọ́ lẹ́nu," ó ní, ó sì fa fọ́ọ̀mù tuntun méjì yọ. "Ẹ lọ tún un kọ. Òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Tí kò bá dé ọwọ́ mi ní Mọ́ńdè, D náà ni."

Ní Sátidé, Bọ̀dá ń lọ aṣọ gáàdì rẹ̀ nínú pálọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Ọ̀rọ̀ máàkì ni." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ilẹ̀ tí mo wà.

"Méjì tí mo fún ọ ni kò dáa? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe hẹ́dímásítà. Ọmọ tó gbé ipò kìíní gan-an, mẹ́ta ló ń gbà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fún ọ ní márùn-ún, kí orí rẹ wú, kó má gba fìlà mọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àwọn èèyàn yìí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tá a bá kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń gbà gbọ́."

"Ìwọ, mélòó lo fún mi?"

"Márùn-ún, sà. Gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ bíi ti báwo? Títí kan èyí tí wọ́n ní ta ló ṣèwádìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Irọ́ lo pa yẹn. Dìde."

Ó jókòó sídìí tábìlì, ó wọ jígí, ó ń ka ìbéèrè náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fún mi ní mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. "Márùn-ún, ti Ọlọ́run ni," ó ní. Nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀, ó kọ oókan síwájú ìwádìí, oókan síwájú ìwé kíkọ. Ó ronú díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó sọ ọ́ di méjì.

"Ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́?"

"Ti márùn-ún ni, sà. Òótọ́ ni mo sọ."

"Mẹ́rin." Ó buwọ́ lù ú, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. "Ó yá, kọ tìẹ. Má wò mí lójú bẹ́ẹ̀ yẹn, kọ ohun tó o rí tí mo kọ."

Mo kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún wa pé B rẹ̀ ti lọ, pé á tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, pé ọdún kan tún ti lé ọdún tí ìyàwó rẹ̀ ti ń retí rẹ̀. Ó ti ṣe ìṣirò náà ṣáájú mi; iṣẹ́ rẹ̀ nílé nìyẹn. Ó padà sídìí aṣọ gáàdì rẹ̀, ó ń lọ ọwọ́ kan ṣáá.

Ní Mọ́ńdè, òun ló gbé mi lọ. Kò bá mi wọlé. Ó jókòó sínú mọ́tò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì obìnrin yẹn, mo yọ fọ́ọ̀mù tèmi jáde. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́, rọ́bà sì wà nídìí pẹ́ńsùlù náà. Mo lè pa oókan tí mo fún Bọ̀dá yẹn rẹ́. Àmọ́ fọ́ọ̀mù méjèèjì ò ní bára mu mọ́, obìnrin yẹn á tún pè mí, á tún ní ta ló kọ ọ́. Mo ronú sí i láti ìhín, mo ronú sí i láti ọ̀hún, kò síbi tí mo gbà tí mi ò já sí ojú Bọ̀dá. Mo kanlẹ̀kùn. Obìnrin náà gba méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó jù wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ láì wò wọ́n.

Mo gba B. Òun gba D, àkọ́kọ́ tirẹ̀; ó sì ń jókòó sí kíláàsì kan náà nígbà tí mo ti lọ sí yunifásítì. Àmọ́ mo ní láti kọ́kọ́ padà sínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn.

"Ṣé o ti fún un?"

"Mo ti fún un, sà."

"O ò yí nǹkan kan padà?"

"Rárá, sà."

Ó wo iwájú títí, bí ẹni pé ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ kó kọjá.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa," ó ní, ó sì gbé mi lọ sílé rẹ̀.