Orúnkún Eneida àti Ìjà Òòlù pẹ̀lú Mànàmáná

Bí ẹ bá bú oúnjẹ Eneida Bonilla, tí ẹ bú ìdí rẹ̀, tí ẹ bú ìyá tó bí i, ẹ̀rín ló máa rín. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un láéláé pé ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ́ jù ú lọ. Láti ìgbà tí ọmú rẹ̀ ti le títí tó fi wálẹ̀ ló ti ń fọṣọ ní ilé ẹ̀ṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọjà ẹja ní ìlú èbúté Colón: aṣọ ìnura tó kún fún òógùn, báńdéèjì ọwọ́, ṣòkòtò penpe tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ sí. Tó bá ń fún aṣọ, ojú rẹ̀ kì í sí nínú omi. Àwọn géndé tó ń lura wọn ló ń wò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Wenceslao ọkọ rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé ẹrù ní èbúté, náà ní òun mọ ẹ̀ṣẹ́.

Ìgbà tó wá di pé ọmọ àdúgbò méjì fẹ́ kojú ara wọn, ilé ò tòrò mọ́. Ọ̀kan ni Edilberto Quiñones tí wọ́n ń pè ní Òòlù, èkejì ni Abdiel Cumberbatch tí wọ́n ń pè ní Mànàmáná. Ẹ̀ṣẹ́ àwọn méjèèjì le, ṣùgbọ́n ìwà ẹ̀ṣẹ́ wọn ò jọra. Òòlù a máa wọlé sí yín lára bí àna tí ẹ ò pè. Á tẹ̀ ba, á fi orí ti yín láyà, á wá máa lu ìhà, á máa lu ẹ̀dọ̀, gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó ń gún nǹkan lódó. Mànàmáná ní tiẹ̀ ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bíi ti lékeléke. Á máa fà sẹ́yìn, á máa yí po, ẹ ó sì rò pé ojo ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á kàn máa kàn yín lójú fẹ́rẹ́, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ máa gbàgbé gbé àgbọ̀n sókè ló ń dúró dè. Ọwọ́ ọ̀tún dé báyìí, ẹ ti sùn.

"Mànàmáná ló máa mú un," Wenceslao wí, ó ń họ egungun ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ jẹ. "Ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ò ní wá a tì."

"Ṣé o ti rí àgbọ̀n Òòlù rí? Ó fi pamọ́ sí èjìká bí ìgbín òkun tó wọ karaun."

"Ìgbín òkun náà là ń fi se ọbẹ̀."

"Bàbá, ariwo lásán ni ẹ̀ṣẹ́ orí. Tẹ̀dọ̀ ló ń yanjú ọ̀rọ̀. Kì í yára dun èèyàn, ṣùgbọ́n tó bá dé, ó dé nìyẹn."

"Ta ló sọ fún ọ, ìwọ alágbàfọ̀?"

"Alágbàfọ̀ tó fọ ṣòkòtò gbogbo wọn. Mo mọ èyí tó ń tọ̀ sára nínú wọn."

Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé wọ́n búra: ẹni tí tiẹ̀ bá ṣubú, kò gbọdọ̀ la ẹnu nípa ẹ̀ṣẹ́ mọ́ nínú ilé yẹn títí wọ́n á fi gbé e sin. Ìgbà tí wọ́n búra tán ni àyà Eneida já. Tí Òòlù bá ṣubú, kí ni òun á máa sọ títí tí òun á fi kú? Iye tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà?

Ọjọ́ ìjà pé. Ìjà ti wọ ara dáadáa nígbà tí Òòlù há Mànàmáná mọ́ ibi okùn. Àwọn méjèèjì jùwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ọ̀tún Mànàmáná ba Òòlù lágbọ̀n, ọwọ́ òsì Òòlù sì wọ inú ìhà Mànàmáná lọ, níbi ẹ̀dọ̀. Òòlù ló kọ́kọ́ lulẹ̀, gbàgà. Mànàmáná ṣì wà lórí ìdúró.

Wenceslao ṣí fìlà, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ó yá, panu mọ́."

Ẹ̀rù ba Eneida débi tó fi gbàgbé ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ké pe ère Jésù inú ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Portobelo, tí gbogbo Colón ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún. "Jésù Dúdú ti Portobelo, tí ọmọ yìí bá dìde, orúnkún ni mo máa fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ lọ́jọ́ ọdún rẹ."

Ká ní ó ní sùúrù díẹ̀ ni. Kò tíì panu dé tí ojú Mànàmáná fi fà ro, tó di ìhà mú, tó ká kò sílẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Rẹfirí ń kà. Òòlù ta gọ́ọ́gọ́ọ́ dìde bí ọ̀mùtí kó tó kà á tán. Ojú Mànàmáná là kedere, ó ń gbọ́ gbogbo nǹkan tí wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n ara kọ̀ fún un. Eneida ti borí láìnílò Jésù Dúdú rárá.

Ṣùgbọ́n ta ló máa lọ ṣàlàyé ìyẹn fún Jésù Dúdú? Ní Colón, kò sẹ́ni tó ń bá a dúnàá dúrà lẹ́yìn tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un. Kí ọjọ́ ọdún tó dé, Eneida sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ láàárọ̀, ó sọ lọ́sàn-án, Wenceslao sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣe: ó bá a ra ẹ̀wù elése àlùkò tí àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Orúnkún Eneida ti wú tipẹ́ nítorí ìdúró nídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Nígbà tó fi máa rá dé ìdajì ọ̀nà ní Portobelo, ọ̀nà tó gbóná bí agbada àkàrà, kò lè sún síwájú mọ́. Wenceslao wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun tìgbálẹ̀, ó ń gbá òkúta wẹ́wẹ́ kúrò níwájú rẹ̀.

"Bá mi sọ̀rọ̀, kí n lè gbàgbé ìrora yìí."

"Wọ́n ní àlùbọ́sà ti wọ́n."

"Sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́, bàbá."

"Ẹnu mi wà ní títì. Ìwọ lo tì í."

Ó wo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ṣì jìnnà. "Mo ṣí i."

"Títí láé?"

"Títí láé, olóríburúkú."

Wenceslao hú ikọ́ bí ẹni tí nǹkan ti há sí lọ́fun tipẹ́. "Omi ló dà sílẹ̀ níbi okùn yẹn. Mànàmáná kàn yọ̀ ni."

"O ní kí ni?"

"Ọwọ́ Òòlù ò tiẹ̀ kàn án."

"Tí kò bá kàn án, kí ló ń wá tó fi di ìhà mú? Bọ́tìnnì rẹ̀ tó já?"

Bí wọ́n ṣe fẹnu gba ara wọn mú nìyẹn. Àwọn tó gbé àbẹ́là lọ́wọ́ ní kí wọ́n rọra, kò sẹ́ni tó gbọ́. Kí Eneida tó mọ̀, nǹkan tútù ti wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀: ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó gbójú sókè sí Jésù Dúdú, ó ní kó jọ̀ọ́ fún òun láyè díẹ̀, òun ń bọ̀, àfi kí òun kọ́kọ́ dá bàbá yìí lóhùn.