Dùùrù Tí Mo Kọ́ Lẹ́bàá Igi Máńgòrò

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń dúró lẹ́bàá igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé míṣọ̀n wa, lábúlé kan tí kò jìnnà sí Ìdógò, tí màá na fóònù sókè títí apá yóò fi máa ro mí. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, ti àwọn ará òdìkejì bọ́dà sì ni. Lọ́jọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé lédè Faransé. Mi ò lóye ẹyọ kan níbẹ̀, àmọ́ mo tẹ "oui", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tó kàwé dé Kùtọnu. Bí fídíò ẹ̀kọ́ dùùrù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nìyẹn. Obìnrin kan ló ń kọ́ni. Bó bá ti kí wa, mo rò pé àdúrà ló ń gbà, màá ní "Àmín", lẹ́yìn náà màá máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fẹ́ tẹ̀, mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé. Ọ̀gá tó ń tẹ̀ ẹ́ ti sọ lójú gbogbo kọ́ayà pé òun kì í kọ́ obìnrin. Ó dùn mí wọra. Bàbá mi, tó jẹ́ katikíìsì, gbè sẹ́yìn rẹ̀.

"Bí mo bá tún bá ọ nídìí igi yẹn, màá gba fóònù náà."

Ọjọ́ kejì, mo tún wà níbẹ̀. Bàbá sì gba fóònù náà lóòótọ́, ó tì í mọ́ inú àpótí. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Gbogbo Sátidé tí gbígbá ṣọ́ọ̀ṣì bá kàn mí ni mo ti ń fi dùùrù gidi dánra wò.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo ṣáájú ọ̀gá náà dé, mo jókòó sídìí dùùrù. Ó dé, ó dúró lé mi lórí. Bàbá sún mọ́ mi.

"Dìde níbẹ̀."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní dìde."

Mo ṣi ìbẹ̀rẹ̀ orin ìkórè náà tẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn màmá tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ gbè é, gbogbo ilé sì tẹ̀ lé wọn.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo ń kọ́ nídìí dùùrù yẹn báyìí. Bàbá kò tíì sọ pé òun ṣàṣìṣe, èmi náà kò sì tọrọ àforíjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a lẹ́bàá igi máńgòrò, ó na fóònù sókè, ó ń wá ìwàásù tó fẹ́ wò. Mo wò ó títí. Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.