Ohùn Ṣẹ̀rífù Nínú Àwo Rọ́ọ̀kì

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ọjà Marché Dakar ní ìlú Douala nínú oṣù ààwẹ̀, tí ẹ béèrè ẹni tó ń jí àwọn Yorùbá sí sààrì, Ṣẹ̀rífù alálùbọ́sà ni wọn yóò júwe fún yín. Ìwó ni wọ́n bí i sí, ìdí wéré, orin ajísààrì, ló sì gbé dàgbà. Ní Douala, kò ní ẹgbẹ́, kò ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀; agolo mílíìkì kan àti igi ló ń lù kiri. Gbogbo ilé ló ní fóònù tó lè dún, àmọ́ fóònù kì í pe èèyàn lórúkọ. Ṣẹ̀rífù a máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí iná yóò fi tàn lójú fèrèsé. Òun nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í jí. Tó bá di ọ̀sán, lórí àpò àlùbọ́sà ní ọjà Sandaga lẹ ó ti bá a, ojú rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Juwairiyyah, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Douala ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, gìtá ló sì ń ta. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Bonamoussadi dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Grande Pluie, ìyẹn Òjò Ńlá. Kí àwo àkọ́kọ́ wọn tó jáde, ariwo ti gba ìlú kan: rédíò ń kéde, àwòrán wọn wà lára ògiri, àfi bíi pé ọba tuntun ń bọ̀. Àwo náà jáde nígbà tí ààwẹ̀ ku dẹ̀dẹ̀, ẹnu ò sì kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn kan ní ariwo tó ṣáájú rẹ̀ dùn ju orin inú rẹ̀ lọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ní ó dà bí jẹnẹrétọ̀ tó fẹ́ kú.

Ṣẹ̀rífù pàápàá kò parọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bi í.

"Papa, tu aimes? Ó dáa?"

"Ọmọ mi, orin tó kẹ́yìn dáa. Àwọn tó kù yẹn, páànù ló ń já lulẹ̀ létí mi."

Juwairiyyah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohùn bàbá rẹ̀ ló wà nínú orin tó kẹ́yìn náà. Lọ́dún tó kọjá ló bá a lọ káàkiri àdúgbò, tó gbà á sórí fóònù. Ó wá fi gìtá sí i lẹ́yìn, òun náà sì ń gbè é:

*Ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ̀yin aláàwẹ̀,*
*Ẹni bá sùn títí, ebi ni yóò bá a ṣeré.*
*Àlàájà Kàbírátù, ó ti tó o!*

Orin kan ṣoṣo yìí ló pín jámáà Yorùbá sí méjì. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi í yangàn. Àwọn àgbà ní ohun tí wọ́n fi ń jí ẹrú Ọlọ́run kò yẹ kó bá gìtá jó nílé ọtí. Àlàájà Kàbírátù fúnra rẹ̀, tó ń ta ata gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣẹ̀rífù ní Sandaga, ló pariwo jù. Ṣebí orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n ń jó sí.

"Kí ohùn yẹn tún tó jí mi sí sààrì," ló wí, "ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n sùn mọ́jú."

Alhaji Sàlísù, baba jámáà, dá ẹjọ́: kí Ṣẹ̀rífù ní kí ọmọ rẹ̀ yọ orin náà kúrò, tàbí kó gbé agolo rẹ̀ sílẹ̀.

Juwairiyyah gbà. "Papa, màá yọ ọ́. C'est pas grave, kò burú."

Ṣẹ̀rífù ló kọ̀. Bí ọmọ yìí bá fẹ́ kí àgbàlagbà lásán, Yorùbá rẹ̀ a kọsẹ̀, a fi Faransé gbé e dìde. Ṣùgbọ́n nínú orin yẹn, ó sọ Yorùbá láti orí dé ìdí láìkọsẹ̀. Kí bàbá tó bí i wá ní kó pa á rẹ́? Ó gbé agolo sílẹ̀.

Ó dùn ún, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tanra wa. Tí ìdájí bá tó, ara rẹ̀ a jí fúnra rẹ̀, a jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, a máa pe orúkọ àwọn aládùúgbò sínú. Ní ti Àlàájà, fóònù ló ń lò. Wọ́n ní ó ti ń gba ààwẹ̀ láìjẹ sààrì, àmọ́ ta ló tó bi í?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú ní Sandaga, gbogbo ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àlàájà ti fẹ̀yìn ti àpò ata lábẹ́ tapólì, oorun sì ti gbé e lọ. Joshua, tó ń kó orin sórí fóònù fún èèyàn ní ìsọ̀ tó kọjú sí tiwọn, tún gbé àwo Grande Pluie sí i, nítorí kò ní ohun mìíràn tó ń gbọ́ mọ́. Ó di orin tó kẹ́yìn.

*Àlàájà Kàbírátù, ó ti tó o!*

"Mo ti jí o, Ṣẹ̀rífù! Ọlọ́run á san án fún ọ!"

Bó ṣe máa ń dáhùn lọ́dọọdún nìyẹn. Ó fò dìde nínú òkùnkùn, ó fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti dàbínù tó rà pamọ́ fún ìṣínu yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ wàràwàrà, ó ń fi omi tì í.

"Ṣé àsìkò ò tíì lọ?" ló ń bi wọ́n, ẹnu rẹ̀ kún.

Joshua pa orin. "Mama! Na afternoon o!"

Àlàájà dúró, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wo àpò ata, ó wo àwọn oníbàárà. Kò sẹ́ni tó láyà láti rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjà bú sẹ́rìn-ín.

"Màá san ààwẹ̀ yìí padà," ló wí nígbà tó nu ojú tán. Ó kọjú sí Ṣẹ̀rífù lórí àpò àlùbọ́sà rẹ̀. "Mi ò fẹ́ràn àwo yẹn o. Gìtá yẹn ń dùn mí léyín. Ṣùgbọ́n mo dáhùn."

"Ẹ dáhùn, Ìyá."

"Fóònù yẹn ti ń dún láti ọjọ́ yìí, mi ò dá a lóhùn rí. Màá bá Sàlísù sọ̀rọ̀. Lọ́la, ọ̀dọ̀ mi ni kí o kọ́kọ́ dé. Kí o sì mú ọmọ yẹn dání, kí n rí ẹni tí màá máa bá wí."

Ṣẹ̀rífù pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Wá agolo kan."

"Agolo? Pour quoi faire, Papa? Kí ni n ó fi ṣe?"

Ó ro ẹjọ́ náà fún un. Juwairiyyah ní, "Ṣé kí n mú gìtá wá?"

"Agolo ni mo wí!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú rẹ̀ wò lórí fóònù, jẹ́jẹ́, *ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ̀yin aláàwẹ̀,* ó wá wá orúkọ tí yóò fi sí i.

"Papa Ṣẹ̀rífù, ó ti tó o!"

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ̀rífù dìde lórí àpò àlùbọ́sà láàárín ọjà, omi lójú rẹ̀.

"Mo ti jí o," ló dáhùn. "Ọlọ́run á san án fún ọ."